Bí Wọ́n Bá Pààrọ̀ Oríkèé Itan Fúnni, Báwo Lèèyàn Ṣe Ń Padà Síta?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kan ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ wa yìí, láti Ìkọ̀tún dé Ẹgbẹ́da, láti Ìgàndò dé Ìpájà. Ó kan ìyá tó yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀ tí eegun itan rẹ̀ sì kán. Ó kan bàbá tí oríkèé itan rẹ̀ ti jẹ tán, tó jẹ́ pé kó tó dé mọ́sálásí fún ìrun àsùbáà, á ti dúró sinmi lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà. Ó sì kan àwọn ọmọ wa tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ẹni ọdún mẹ́tàlélógún á máa tiro bí ẹni àádọ́rin ọdún.

Ọlọ́hun ti fi ọ̀nà àbáyọ sí i. Wọ́n lè pààrọ̀ oríkèé náà, ọ̀pọ̀ ló sì ti ṣe é tó yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé aláìsàn délé, ibẹ̀ ni iṣẹ́ kejì ti ń bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ yẹn kì í sì í ṣe ti dókítà mọ́. Àwọn ará ilé kan á fi ìyá sórí bẹ́ẹ̀dì fún oṣù mẹ́ta, wọn ò ní jẹ́ kó dìde bu omi mu. Ní ilé mìíràn, ọ̀sẹ̀ kẹta kò tíì pé tí ìyá ti padà sórí àpótí rẹ̀ nínú ọjà. Ti àkọ́kọ́ ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà kú díẹ̀díẹ̀. Ti èkejì lè mú kí oríkèé náà yẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lójú tèmi, ti àkọ́kọ́ ló wọ́pọ̀ jù láàrin wa, nítorí pé ìfẹ́ la fi ń ṣe é, ta ló sì fẹ́ bá ẹni tó ń kẹ́ ìyá rẹ̀ jà?

Ohun tí wọ́n pààrọ̀

Ibi tí itan ti so mọ́ ìbàdí, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ìgbáròkó, dà bí odó àti ọmọ odó. Orí eegun itan rí roboto, ó sì ń yí nínú ihò kan lára eegun ìbàdí. Awọ dídán kan bo àwọn méjèèjì kí wọ́n má bàa máa ha ara wọn. Bí awọ yìí bá jẹ tán, eegun á máa ha eegun, ìrora rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kéèyàn sùn. Lára àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà ṣẹlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa bọ́ orí eegun itan kì í rí ọ̀nà kọjá dáadáa, eegun náà á wá kú, á sì wó. Ní Nàìjíríà, níbi tí bí ìdá kan nínú mẹ́rin wa ti jẹ́ AS, ìdí nìyí tí iṣẹ́ abẹ yìí kì í fi í ṣe ti arúgbó nìkan. Ọ̀dọ́ pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń ṣe é fún.

Dókítà á gé orí eegun itan tó ti bàjẹ́ kúrò. Á ki irin kan bọ inú eegun itan, orí irin náà á rí roboto bíi ti tẹ́lẹ̀, á sì fi ohun kan tó rí bí ife sínú ihò ìbàdí kí orí tuntun náà máa yí nínú rẹ̀. John Charnley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ ọ́ di iṣẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1962 ní ilé ìwòsàn Wrightington, nígbà tó fi orí irin kékeré sínú ife oníke. Láti ìgbà náà ló ti tàn káàkiri ayé. Ìyá Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe é lọ́dún 1995 nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún, ó sì padà síbi òde rẹ̀. Lọ́dún 1998, wọ́n tún ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì fún un lẹ́yìn tó ṣubú. Ọdún 2002 ló tó kú, ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ìyá ẹni àádọ́rin ọdún pé ọjọ́ ti lọ.

Èèyàn kò sì ní láti lọ sí ìlú òyìnbó fún ọ̀rọ̀ eegun. Ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Ìgbòbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkòròdú Road, ti wà láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara pa. LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, LASUTH wà ní Ìkẹjà. Ẹ ó rántí pé ní oṣù keje ọdún 2022, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Yemi Osinbajo ṣì jẹ́ igbá-kejì Ààrẹ, Ìkẹjà níbí ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ eegun itan fún un, nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, tí wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù squash ló ti fi pa. Tirẹ̀ kì í ṣe pípààrọ̀ oríkèé o. Ṣùgbọ́n ó padà sẹ́nu iṣẹ́, gbogbo wa sì rí i.

Owó rẹ̀ kò kéré, nítorí pé òkè òkun ni irin náà ti ń wá. Ìdí mìíràn nìyẹn tó fi yẹ ká mọ ohun tó yẹ ká ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí owó tí ẹbí dá jọ má bàa ṣòfò.

Ọ̀sẹ̀ méjìlá àkọ́kọ́

Ẹ̀rù máa ń ba àwọn ará ilé nígbà tí wọ́n bá rí i pé lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, tàbí lọ́jọ́ kejì, àwọn nọ́ọ̀sì ti ní kí aláìsàn dìde dúró. Wọn kì í ṣe òǹrorò. Bí èèyàn bá dùbúlẹ̀ pẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè gòkè lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì máa ń pani. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fúnni ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì fún bí oṣù kan. Bó bá bọ́ sínú Ràmàdáánì, kí ẹ sọ fún dókítà ṣáájú, kí ẹ má ṣe fúnra yín sún àkókò oògùn náà. Aláìsàn kò sí lábẹ́ dandan àwẹ̀, yóò san án padà nígbà tí ara bá le.

Lílo igi ìrìn onẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló máa ń ṣáájú, lẹ́yìn náà ọ̀pá abẹ́ abíyá, lẹ́yìn náà ọ̀pá kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi ọ̀pá sílẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, àwọn mìíràn sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá àwọn tí wọ́n ti ń tiro fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Ẹni tó ń lo ọ̀pá kan, ọwọ́ tó wà ní òdìkejì ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe ni kó fi mú un. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n ṣe, ọwọ́ òsì ló ń mú ọ̀pá. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe é sódì. Ní ti àtẹ̀gùn, tí ẹ bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tó le ló ń ṣáájú. Tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe ló ń ṣáájú. Ẹni tó ń gbé òkè nínú ilé alájà ní Àkọwọ́njo tàbí Ìdímù, kó kọ́ èyí kó tó kúrò ní ọsibítù.

Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù jù ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kí orí tuntun náà yọ kúrò nínú ife rẹ̀, nítorí àwọn iṣan tó yí i ká kò tíì padà le. Fún ọ̀pọ̀ aláìsàn, ìkìlọ̀ náà kò ju mẹ́ta lọ: kí orúnkún má ga ju ìbàdí lọ nígbà tí ẹ bá jókòó, kí ẹ má gbé ẹsẹ̀ kan kọjá lórí èkejì, kí ẹ má sì yí ìka ẹsẹ̀ sínú tàbí kí ẹ fi ẹsẹ̀ gúnlẹ̀ kí ẹ wá yí ara lójijì. Mo ní ọ̀pọ̀ aláìsàn, nítorí pé ọ̀nà tí dókítà gbà wọlé, bóyá láti ẹ̀yìn, láti ẹ̀gbẹ́ tàbí láti iwájú, ló ń sọ ohun tó yẹ kí kálukú ṣọ́ra fún. Dókítà yín ni kí ẹ bi. Ẹ má ṣe tẹ̀lé ti aládùúgbò tó ṣe tirẹ̀ níbòmíràn.

Ẹ wá wo inú ilé wa pẹ̀lú ojú yìí. Àpótí ìdáná ga díẹ̀ lórí ilẹ̀, orúnkún sì ga ju ìbàdí lórí rẹ̀. Ẹní ni à ń jókòó sí. Ṣáláńgá ni ìlòṣó. Ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀ òyìnbó gan-an rẹlẹ̀ jù fún ẹni tó ga, ó yẹ kí wọ́n fi ohun èlò kan gbé e sókè. Àga tó rọ̀, tó ń gbé èèyàn mì nínú pálọ̀, kò dára. Àga oníke tó ní apá, tí ẹ fi ìrọ̀rí líle kan sí, sàn jù ú lọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ìwẹ̀, kí wọ́n gbé e ka orí nǹkan kí aláìsàn má bàa bẹ̀rẹ̀ gbọn omi. Kápẹ́ẹ̀tì kéékèèké tó ń yọ̀ lórí táìsì, ẹ ká wọn kúrò nílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya wà níbẹ̀ tójú ń ti àwọn èèyàn láti béèrè. Ẹ bi dókítà, ó ti gbọ́ ọ rí.

Ohun kan wà tí mi ò gbọ́dọ̀ fò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun mọ ẹni tó ń to eegun, tó máa wọ́ ibẹ̀, tó máa fà á tàbí tó máa sín gbẹ́rẹ́ sí i kó lè yá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì kọ̀. Irin ló wà níbẹ̀ báyìí. Fífà lè mú kó yẹ̀, ojú gbẹ́rẹ́ sì lè jẹ́ kí àrùn wọlé dé ìdí irin. Bí ẹ bá sì débi tí wọ́n ti fẹ́ gún yín lábẹ́rẹ́ ní ìdí, ẹ sọ fún wọn pé irin wà ní ẹ̀gbẹ́ ibí.

Ìrun àti ìkíni

Ìbéèrè tí àwọn Mùsùlùmí máa ń kọ́kọ́ béèrè nìyí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Rúkúù ń tẹ ìbàdí. Ìforíkanlẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jíjókòó àtááyá lórí ilẹ̀ ń ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ara. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú ohun tí wọ́n ní kí aláìsàn má ṣe ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Mo ti rí àwọn àgbàlagbà tí omi ń bọ́ lójú wọn nítorí pé wọn kò lè fi orí kanlẹ̀, tí wọ́n ń rò pé ìrun àwọn kò pé.

Ó pé. Nígbà tí Anábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣubú lórí ẹṣin, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún sì fara pa, ìjókòó ló wà tó fi kírun. Imran ọmọ Husayn, ọ̀kan nínú àwọn sàábé, ní àìsàn jẹ̀díjẹ̀dí, ó sì béèrè bí òun yóò ṣe máa kírun. Èsì tó gbà ni pé kó kírun ní ìdúró, bí kò bá lè ṣe é, kó jókòó, bí kò bá tún lè ṣe ìyẹn, kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí wà nínú àwọn hadith tí Bukhari kó jọ. Ẹni tí Anábì fi àyè sílẹ̀ fún, ta ni yóò wá gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀?

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rọrùn. Ẹni tó bá lè dúró, kó dúró, ó sì lè di igi ìrìn rẹ̀ mú. Fún rúkúù, kó jókòó sórí àga gíga, kó tẹ orí àti èjìká síwájú díẹ̀. Fún ìforíkanlẹ̀, kó tẹ̀ wọ́n díẹ̀ sí i ju ti rúkúù lọ, láìjẹ́ kí àyà súnmọ́ itan. Ní ti àlùwàlá, ẹsẹ̀ fífọ̀ ni ìṣòro, nítorí ọwọ́ kò gbọdọ̀ nà dé ìka ẹsẹ̀. Kí ọmọ tàbí ìyàwó bá a da omi láti inú búùtà, kí ó sì bá a fọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ní kí omi má kan ojú ọgbẹ́, ẹ bi àlùfáà yín nípa fífi ọwọ́ tútù pa orí báńdéèjì.

Nígbà tó bá ti lé lóṣù mẹ́ta, tí dókítà sì ti yọ̀ǹda, ọ̀pọ̀ ló ń padà sórí ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ físíò kọ́ yín. Ẹ sọ fún un pé Mùsùlùmí ni yín, kí ẹ sì fi hàn án bí ìforíkanlẹ̀ ṣe rí, nítorí pé bí kò bá mọ̀, kò ní kọ́ yín. Bó ṣe máa ń rí ni pé èèyàn á di àga mú, á kọ́kọ́ fi orúnkún ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe kanlẹ̀, lẹ́yìn náà èkejì. Nígbà tó bá ń dìde, ẹsẹ̀ tó le ni yóò kọ́kọ́ gúnlẹ̀, tí yóò fi ti ara rẹ̀ sókè. Àwọn kan wà tí dókítà yóò sọ fún pé àga ni kí wọ́n máa lò títí ayé wọn. Ìrun tiwọn náà pé.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́sálásí, ẹ jọ̀ọ́. Àga mẹ́rin ní ìgun sàfù kò gba àyè púpọ̀. Irin ìdìmú lára àtẹ̀gùn àbáwọlé àti níbi àlùwàlá kò wọ́n. Ní ọjọ́ Jímọ̀, òkìtì bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló lè gbé ẹni tó ń lo ọ̀pá ṣubú. Bí a bá lè rówó ra gbohùngbohùn tuntun, a lè rówó ṣe irin ìdìmú.

Ìkíni tún wà níbẹ̀. Yorùbá ni wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, bó bá rí bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀, á fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ìyàwó ilé tuntun á fẹ́ kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ. Wọ́n lè ṣe ara wọn léṣe níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀rù kí wọ́n má pè wọ́n ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Àwa àgbà ló yẹ ká tètè sọ pé, "Dúró síbẹ̀, mo ti rí i, Ọlọ́hun á fún ọ ní ìlera."

Ìta gbangba

Ìrìn ni oògùn tó dára jù fún oríkèé tuntun. Kò sí ẹ̀rọ kan tó ju ìrìn lọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó rìn láti yàrá dé pálọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, inú àgbàlá. Lẹ́yìn ìyẹn, dé ẹnu géètì aládùúgbò kẹta kó sì padà. Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ sàn ju ìṣẹ́jú ogún lẹ́ẹ̀kan lọ. Kó máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá wú díẹ̀ tàbí tó ro díẹ̀ lálẹ́, tó sì fúyẹ́ lẹ́yìn ìsinmi, kò sí ìbẹ̀rù. Bó bá ń ro títí di ọjọ́ kejì, ó ti rìn jù, kó dín in kù.

Ṣùgbọ́n níbo la fẹ́ rìn sí ní Alímọ̀ṣọ́? Ẹ mọ ibi tí à ń gbé. Ọ̀nà tó ti ya, pákó lórí gọ́tà, ọ̀kadà tó ń bọ̀ láti iwájú àti ẹ̀yìn, ẹrẹ̀ nígbà òjò. Àkókò tó dára jù, lójú mi, ni lẹ́yìn ìrun àsùbáà nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa, tí oòrùn kò tíì mú, tí àwọn ọmọ ilé ìwé kò sì tíì tú síta. Ẹni tó bá súnmọ́ Gowon Estate tàbí àwọn ẹ̀sítéètì mìíràn ní Ìpájà lè rí títì tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí. Pápá ilé ìwé náà dára bí wọ́n bá gbà á láyè, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Kí ẹnì kan máa bá a rìn ní oṣù àkọ́kọ́, kì í ṣe láti gbá a mú o, bí kò ṣe láti máa wo ọ̀nà. Kí ó wọ bàtà tó dé ẹ̀yìn gìgísẹ̀, tí ìdí rẹ̀ kò yọ̀. Sílípáàsì kò wúlò níbí. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, kó rìn yí pálọ̀ po, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Pákó orí gọ́tà, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí pákó ló wà níwájú ilé yín, ẹ wá bí ẹ ó ṣe ṣe kọnkéré sí i kí aláìsàn tó dé.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ọ̀kadà kò sí nínú rẹ̀ rárá, bí ẹ bá tilẹ̀ ń pẹ́ dé. Yíya ẹsẹ̀ gùn ún, jíjìn sí kòtò àti ìṣubú, kò sí èyí tó dára nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ Maruwa rẹlẹ̀, dánfó sì ga láti gùn, wọn kì í sì í dúró dáadáa. Nígbà tí ẹ bá ń lọ rí dókítà ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ wá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, iwájú ni kí ó jókòó sí, kí ẹ ti ìjókòó náà sẹ́yìn pátápátá kí ẹ sì fi ìrọ̀rí sí i. Kí ó kọ́kọ́ fi ìdí jókòó, ẹsẹ̀ síta, kó wá yí ara àti ẹsẹ̀ wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rá onílọ́ọ̀nù lórí ìjókòó máa ń jẹ́ kó rọrùn láti yí. Láti Ìgàndò dé Ìgbòbí pẹ̀lú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè gba wákàtí púpọ̀, nítorí náà ẹ dúró lójú ọ̀nà níbi tó bá láàbò, kó sọ̀kalẹ̀ na ẹsẹ̀. Ẹ tún bi dókítà bóyá ó lè kọ ìwé kí ẹ máa ṣe físíò ní ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín. Alimosho General Hospital wà ní Ìgàndò níbí, ẹ béèrè níbẹ̀ kí ẹ tó máa na owó ọkọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ fúnra rẹ̀ wakọ̀, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ dókítà ń ní kó dúró. Ẹni tó ń jókòó ṣiṣẹ́ lè padà láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá. Ìyá ọlọ́jà ńkọ́? Ó lè padà, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà. Kó ta àpótí tọrẹ. Kó ra àga gíga, kó gbé ọjà sórí tábìlì kó má bàa máa bẹ̀rẹ̀, kó sì wá ẹni tí yóò máa bá a gbé àpò gaàrí. Àgbẹ̀ tó ní oko kékeré lẹ́yìn ilé, ọkọ́ ọlọ́rùn gígùn ni kó lò. Ní ọjọ́ Iléyá, kó lọ sí Yídì, kó jókòó sórí àga rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kó jẹ ẹran. Ṣùgbọ́n kó má ṣe di àgbò mú. Àgbò kò mọ ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún.

Fún àwọn ọmọ wa tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ìrìn dára fún wọn náà, àmọ́ kí wọ́n mu omi kí wọ́n tó jáde, kí wọ́n gbé omi dání, kí wọ́n má sì rìn nínú oòrùn gangan tàbí nínú òtútù. Aago ara wọn yàtọ̀ sí ti bàbá àgbà tó wà nílé kejì. Ẹ má fi wọ́n wé ara wọn.

Ìgbà tí kò yẹ kéèyàn dúró nílé

Bí ìrora ńlá bá dé lójijì, tí ẹsẹ̀ náà kúrú ju èkejì lọ tàbí tó yí síbì kan, tí kò sì ṣeé tẹ̀, oríkèé náà ti yẹ̀ nìyẹn. Ẹ má fà á, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá wú, tó gbóná, tó ń dunni, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Bí àyà bá ń dunni tí mímí sì ṣòro, ẹ má dúró de àárọ̀. Bí ojú ọgbẹ́ bá pọ́n sí i, tó ń ṣe ọyún, tàbí ibà dé, ẹ má lọ ra oògùn ní kẹ́mísì, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ ni kí ẹ lọ. Àrùn tó bá dé ìdí irin lè mú kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì parí lẹ́yìn ọdún kan. Eyín jíjẹrà tàbí egbò ẹsẹ̀ tí a kò tọ́jú lè rán àrùn dé ibẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Báwo ni irin náà ṣe ń pẹ́ tó? Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet lọ́dún 2019 fi hàn pé bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ń lo ọdún márùndínlógún, bíi mẹ́fà nínú mẹ́wàá sì ń lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba àwọn ọ̀dọ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n má fi sáré ìdíje tàbí gbá bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀. Ìrìn, wíwẹ̀ nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ àti gígun kẹ̀kẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú kò ní ìṣòro. Ẹ lè ti gbọ́ nípa Andy Murray, agbá-tẹ́níìsì ọmọ Scotland, tí wọ́n fi irin bo orí eegun itan rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2019, tó sì gba ife ẹ̀yẹ ní Antwerp ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Òótọ́ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì ní àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́. Tiwa ni ká dé mọ́sálásí ká sì padà.

Àti Hájì. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí nítorí pé wọ́n fẹ́ lè rìn ní Mẹ́kà. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ bi dókítà yín ìgbà tí ó tọ́. Ìrìn láàrin Safa àti Marwa nìkan lẹ́ẹ̀méje súnmọ́ kìlómítà mẹ́ta, kí ẹ tó ka tàwáàfù mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá lè rìn ín lórí ilẹ̀ líle yíká àdúgbò rẹ̀, kó má retí pé òun yóò rìn ín láàrin èrò. Kẹ̀kẹ́ ìjókòó wà níbẹ̀, ìtìjú kò sì sí nínú rẹ̀. Umm Salama, ìyàwó Anábì, ṣàìsàn, Anábì sì ní kó gun ẹran ìgùn kó ṣe tàwáàfù lẹ́yìn àwọn èèyàn. Ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹ̀rọ tó ń wá irin lè dún nígbà tí ẹ bá ń kọjá. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ṣáájú, kí ẹ mú ìwé dókítà dání, kí ẹ sì fara balẹ̀ bí wọ́n bá tún fi ẹ̀rọ ọwọ́ yẹ ara yín wò, nítorí gbogbo ẹni tó ní irin lára ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún.